Ìgbà wo ni àwọn onífọ́tò pa kámẹ́rà onífíìmù tì, kí ló sì fà á?

Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Steven Sasson, ẹnjiníà ní iléeṣẹ́ Kodak l'Amẹ́ríkà, ló ṣe kámẹ́rà dígítà (èyí tí kì í lo fíìmù) àkọ́kọ́ lọ́dún 1975; ìṣẹ́jú-àáyá 23 ló máa ń gbà kó tó gba àwòrán dúdú-àti-funfun kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Kámẹ́rà dígítà Nikon D1 dé ní 1999 ní nǹkan bí 5,000 dọ́là, àwọn oníròyìn sì gbà á mọ́ra. Àmọ́ Canon EOS 300D ti ọdún 2003, tí kò tó 1,000 dọ́là, lójú tèmi, òun gan-an ló gba ọjà lọ́wọ́ fíìmù.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Ẹ wo onífọ́tò òde ìgbéyàwó n'Ìbàdàn nígbà náà: róòlù kan kì í ju àwòrán 36 lọ. Bí ìyá ìyàwó bá dijú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí wọ́n á fi fọ fíìmù. Owó róòlù, owó fífọ̀, owó títẹ̀, àpò onífọ́tò ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde kí oníbàárà tó san kọ́bọ̀. Dígítà jẹ́ kó rí àwòrán lójú ẹsẹ̀, kó pa èyí tí kò dáa rẹ́, kó sì tẹ èyí tó dáa fún àlejò kí wọ́n tó jẹ ìrẹsì tán.

Kodak tó kọ́kọ́ ṣe é ńkọ́? Fíìmù ló ń pawó fún wọn, wọn ò tètè fi í sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 2012, wọ́n lọ wá ààbò ilé ẹjọ́ nítorí wọn ò lè san gbèsè wọn.