Ẹgbẹ́ àánú ìlú wa ní Yàgbà ń ran aláìsàn àti akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Báwo la ṣe lè mú un gbòòrò?

Ẹ kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ CAMA ọdún 2020, òfin tó de ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni alámòójútó (trustee) méjì ó kéré tán, ìkéde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, àti ọjọ́ 28 fún ẹni tó bá ní àtakò. Ìwé ẹ̀rí yẹn lẹ ó fi ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́, kí àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ábújá àti l'Ékòó má baà máa fowó ránṣẹ́ sápò ẹnì kan. Ibẹ̀ nìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni bí owó ṣe ń jáde. Bí aláìsàn bá wà ní ọsibítù ECWA ní Ẹ̀gbẹ́, ọsibítù gan-an ni kẹ́ ẹ sanwó fún, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà káàdì ọsibítù aláìsàn náà wà lára rẹ̀. Owó WAEC náà, iléèwé ni kẹ́ ẹ san án fún. Ẹ fi fọ́tò rìsíìtì sórí WhatsApp ẹgbẹ́, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo orúkọ aláìsàn. Àìsàn ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọjà.

Lọ́dọọdún, ẹ fi ìròyìn ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí CAC láàárín 30 oṣù Kẹfà sí 31 oṣù Kejìlá. Ẹ má jẹ́ kó kọjá, owó ìtanràn wà ńbẹ̀.