Ìrán ọ̀ṣọ́ lórí ìgbànú àti àpò awọ: ọ̀rọ̀ ihò ló ṣáájú ọ̀rọ̀ òwú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ó ti tó oṣù mẹ́fà tí ẹ ti ń fi ọwọ́ rán ìgbànú awọ, pé ẹ fẹ́ mọ irú ìrán ọ̀ṣọ́ tí yóò mú kí ìgbànú àti àpò yín yàtọ̀ sí ti ọjà, àti pé èyí tí ẹ ya àwòrán rẹ̀ ti ń ya láti àárín kí oṣù méjì tó pé. Ọdún 17 rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ọ̀yọ́, ìyókù nínú ìsọ̀ tèmi ní Ìbàdàn. Irú yíya tí mo rí nínú àwòrán yẹn kò ṣàjèjì sí mi rárá, nítorí owó ara mi ni mo fi ra ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ní ọdún kejì tí mo dá dúró, wọ́n gbé iṣẹ́ ìgbànú 10 fún mi, èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó fẹ́ lò níbi ìgbéyàwó. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kó gbogbo ohun tí mo mọ̀ sórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Mo fi òwú funfun rán etí méjèèjì, mo rán ìlà kọ́lọkọ̀lọ tí ń lọ sókè sódò sí àárín, mo sì tún fi ìlà kéékèèké dábùú ìgbànú náà ní ìka mẹ́rin-mẹ́rin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wuni lójú lórí tábìlì. Kò pé oṣù méjì tí ẹnì kan fi gbé tirẹ̀ padà wá, tí ó wé e sínú bébà ìròyìn: ó ti já níbi ìlà ìdábùú tí ó sún mọ́ irin ìdè jù lọ, yíya náà sì ti inú ihò kan bọ́ sínú èkejì tààrà, bí ìgbà tí a bá fa sítáǹbù lẹ́tà ya kúrò lára èkejì rẹ̀. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi, mo ń ráhùn pé awọ tí wọ́n tà fún mi ni kò dára. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú yíya náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Awọ kò ṣe nǹkan kan. Ìwọ lo ti fi òòlu tí o fi lu ihò gé e tán kí oníbàárà tó fà á.” Mo dá owó ìgbànú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá padà.

Awọ yàtọ̀ sí aṣọ. Bí abẹ́rẹ́ bá gba inú aṣọ, fọ́nrán òwú aṣọ náà yóò yà fún un, yóò sì tún padà sún mọ́ra. Ṣùgbọ́n ihò tí òòlu bá lu sínú awọ kì í dí mọ́, nítorí fọ́nrán ara awọ náà ni ẹnu òòlu ti gé. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí agbára fífà ń gbà kọjá kí ẹ tó ronú kan àwọ̀ òwú tàbí irú ọnà tí ẹ fẹ́ ṣe. Lórí ìgbànú, gígùn rẹ̀ ni agbára náà ń gbà, láti irin ìdè títí dé ihò tí a fi ń de é. Ìlà ihò tí ó bá gígùn yẹn lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á lára, torí awọ tí ó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ìlà náà ṣì ń gbé ẹrù. Èyí tí ó dábùú ni ewu wà nínú rẹ̀. Bí ìgbànú bá fẹ̀ ní mìlímítà 35, tí ẹ wá lu ihò mẹ́jọ sí ìdábùú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 2, mìlímítà 16 ti lọ nínú 35 yẹn, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìgbànú. Bí ẹ ṣe ṣe tiyín gan-an nìyẹn.

Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí ni pé mo máa ń rán etí méjèèjì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjì, mìlímítà 4 sí etí, mìlímítà 4 láàárín ihò kan sí èkejì. Lórí ìgbànú tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 110, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ihò 275 ní etí kan, 550 ní méjèèjì, kò sì sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀. Bí oníbàárà bá fẹ́ ọnà láàárín, mo máa ń fa kọ́lọkọ̀lọ náà gùn, kí ó tẹ́ sílẹ̀ dípò kí ó dúró ṣánṣán, kí ihò òkè àti ihò ìsàlẹ̀ má sì kọjú síra láéláé. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ọnà náà ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí irin ìdè, mo sì máa ń dá a dúró kí ó tó kan agbègbè àwọn ihò ìdè. Lẹ́yìn tí mo bá rán àárín tán ni mo máa ń lẹ awọ ewúrẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n fi èso igi bọ̀ọ̀ní ṣe ní Kánò, mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, n óò wá rán etí láti mú awọ méjèèjì pọ̀. Awọ ẹ̀yìn yẹn kò ní ihò kankan láàárín, yóò máa bá a gbé ẹrù náà, kò sì ní jẹ́ kí òwú ẹ̀yìn máa ha ara ṣòkòtò.

Ẹ tún béèrè ìdí tí ojú ìrán yín fi ń wọ́ síbí wọ́ sọ́hùn-ún. Ẹ fi ẹ̀mú igi há ìgbànú náà sáàárín itan yín kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè. Òwú kan, abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan ní orí kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ òsì ni kí ó kọ́kọ́ wọlé. Bí ó bá yọ jáde, kí ti ọwọ́ ọ̀tún gba abẹ́ rẹ̀ wọ inú ihò kan náà, kí ẹ sì fa òwú àkọ́kọ́ sẹ́yìn díẹ̀ láti rí i dájú pé abẹ́rẹ́ kejì kò gún un. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa méjèèjì pọ̀, kí agbára ọwọ́ kan má ju èkejì lọ. Bí ẹ bá yí ètò yìí padà lẹ́ẹ̀kan péré, pàápàá nígbà tí ẹnì kan bá pè yín láti ìta, ojú ìrán kan ṣoṣo yẹn yóò dojú kọ ibòmíràn, òun sì ni ojú oníbàárà yóò kọ́kọ́ bọ́ sí. Ní ti àmì ihò, fọ́ọ̀kì ìjẹun tí mo pọ́n eyín rẹ̀ ni mo lò fún ọdún mẹ́rin. Kò burú fún àpò, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ jìnnà síra jù fún ìrán wẹ́wẹ́. Ẹ ra irin eléyín bí owó bá wà.

Àpò ni ẹ ti lè ṣeré dáadáa, nítorí ìdérí rẹ̀ kì í gbé ẹrù. Ẹ wo làbà, àpò awọ tí àwọn oníṢàngó máa ń gbé kọ́ èjìká: ojú iwájú rẹ̀ ni àwọn oníṣọnà ń kó ọnà sí. Lórí ìdérí, ẹ lè rán ìrán ẹlẹ́wọ̀n, ẹ lè rán egungun ẹja, ẹ lè la ojú awọ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ sì fi ọ̀já awọ aláwọ̀ mìíràn hun ún gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é ní Ọ̀yọ́. Ìrán alágbèélébùú tí a fi ń so etí awọ méjì tí kò gun ara wọn dára púpọ̀ lójú, mo sì máa ń lò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò kékeré, àmọ́ n kò jẹ́ fi í sí ìdí àpò tí wọn yóò kó ìwé sí, torí òwú nìkan ni ó di awọ méjèèjì mú níbẹ̀. Níbi tí okùn èjìká ti so mọ́ ara àpò, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rán igun mẹ́rin kí wọ́n tó fi ìlà méjì dábùú inú rẹ̀. Inú aṣọ ni àṣà yẹn ti wá. Lójú tèmi, igun mẹ́rin náà ti tó fún awọ. Ìlà inú yẹn kàn ń fi ihò kún ihò ni.

Ní ti òwú, polyester oní-mìlímítà 0.8 ni kí ẹ máa lò, nítorí òógùn máa ń jẹ òwú lásán títí yóò fi jẹrà. Ẹ wọn ún ní ìlọ́po mẹ́rin gígùn ibi tí ẹ fẹ́ rán. Bí awọ náà bá jẹ́ èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín pa láró, ẹ fi àkísà funfun tútù nù ún kí ẹ tó fi òwú funfun kàn án. Bí àkísà bá yí àwọ̀, òwú náà yóò yí.

Ìgbànú tí ó ti ya yẹn kò ṣe é tún rán sí ihò àtijọ́. Ẹ tú ìlà ìdábùú gbogbo kúrò, ẹ gé ibi tí ó ya dànù bí gígùn rẹ̀ bá ṣì tó ẹni kékeré, ẹ lẹ awọ ewúrẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì rán etí nìkan. Ẹ tún fi ìda oyin pa òwú náà dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí mo rí nínú àwòrán yẹn ti gbẹ jù.