Owó orí tí a dá padà kò tú ìgbéyàwó alárédè ká

Arábìnrin wa, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní ẹ ṣe ìgbéyàwó ní rẹ́jísìrì Ìkòyí lẹ́yìn ìdána, pé ó ti pé ọdún 4 tí ẹ̀yin àti ọkọ yín ti pínyà, pé àwọn àgbà ilé ti dá owó orí padà, ẹ sì fẹ́ lọ́kọ mìíràn ní ìlú òkèèrè tí ẹ wà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ṣe é.

Owó orí tí a dá padà lè parí ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ní rẹ́jísìrì. Abẹ́ òfin Nàìjíríà tó ń darí ẹjọ́ ìgbéyàwó, Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970, ni ìgbéyàwó alárédè wà, Kóòtù Gíga ni ó sì láṣẹ láti tú u ká. Kóòtù ìbílẹ̀ kò lè ṣe é, bí ẹbí ọ̀tún àti tòsì tilẹ̀ fohùn ṣọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rò bíi tiyín fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń dùn mí di òní pé kò sẹ́ni tó là á yé e títí di ọjọ́ tí wọ́n ní kí ó mú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ wá.

Ọdún 4 yẹn gan-an ni yóò ràn yín lọ́wọ́. Bí tọkọtaya bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2 gbáko kí wọ́n tó pẹjọ́, tí ẹnì kejì kò sì tako ìtúká náà, kóòtù lè gbà pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Bí ó bá ti pé ọdún 3, ẹnì kejì ìbáà tiẹ̀ takò ó, ìyẹn kò dí yín lọ́nà. Nítorí náà, kò di dandan kí ẹ fi ẹ̀sùn àgbèrè tàbí ìwà ìkà kan ọkọ yín. Ohun tí a bá kọ sínú ìwé kóòtù kì í parẹ́, àwọn ọmọ yín sì lè kà á lọ́jọ́ kan.

Kí lọ́yà yín kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Nàìjíríà ṣì ni ilé yín lójú òfin, nítorí orí ìyẹn ni ẹ̀tọ́ yín láti pẹjọ́ níbẹ̀ dúró. Ẹ lè búra sí ìwé ìpẹ̀jọ́ níwájú notary public, ìyẹn ẹni tí òfin fún láṣẹ láti gba ìbúra, níbi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n bí ọkọ yín kò bá tilẹ̀ fèsì, ẹ ṣì ní láti jẹ́rìí. Ẹ béèrè ní kùtùkùtù bóyá adájọ́ yóò gbà kí ẹ ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ti àwọn ọmọ, ire wọn ni òfin ní kí kóòtù fi ṣáájú ohun gbogbo, nítorí náà ọ̀rọ̀ pé bàbá ló lọmọ kò tó láti fi gbà wọ́n lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ètò wọn sílẹ̀ ní kíkún: ibi tí wọn yóò máa gbé, ẹni tí yóò san owó ilé ìwé, àti ìgbà tí wọn yóò máa rí bàbá wọn. Bí wọn kò bá tíì pé ọdún 16, adájọ́ kò ní jẹ́ kí ìtúká náà fìdí múlẹ̀ láìwo ètò yìí.

Decree nisi ni ìwé àkọ́kọ́ tí wọn yóò fún yín, kò sì tíì sọ yín di òmìnira. Lẹ́yìn oṣù 3 ni ó máa ń di decree absolute, ìyẹn ìtúká tó fìdí múlẹ̀ pátápátá. Kí ẹ̀dà ìyẹn wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó tuntun.