Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé yíyá ló yá fóònù yẹn

Ìbéèrè: Àǹtí tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé, ṣọ́ọ̀bù próvíṣọ̀n ni mo ní. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún mi, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rin àti obìnrin ọmọ ọdún méje. Tí kọ́sítọ́mà bá ti pọ̀, mo máa ń gbé fóònù mi fún wọn kí wọ́n lè jókòó jẹ́ẹ́, àmọ́ ní báyìí tí mo bá ti ní kí wọ́n gbé e wá, èyí ọkùnrin á yí mọ́lẹ̀, á ké títí aládùúgbò á fi yọjú. Bàbá wọn ní òun ò fẹ́ rí fóònù lọ́wọ́ wọn mọ́ láéláé, ìyá ọkọ mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé ayé kọ̀ǹpútà la wà. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o mọ́mì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mi ò ní gbè sẹ́yìn dádì, mi ò sì ní gbè sẹ́yìn màmá.

Kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nọ́sìrì àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí l'Adó, ẹ̀ẹ́ rò pé ọmọ tèmi ò ní kó sínú ẹ̀, ó kó sí i o. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ múná dé, lẹ́sìn nóòtù wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kọ, mo bá ṣí orin tí wọ́n fi ń ka nọ́ńbà fún un lórí YouTube, ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà yẹn, mo gbé fóònù lé e lọ́wọ́ mo kọjú sí iṣẹ́ mi. Ìgbà tí mo máa tún gbọ́, ọkùnrin kan ló ń pariwo tó ń bú èèyàn nínú géèmù, ọmọ mi la ẹnu sílẹ̀, itọ́ ń ṣàn sí i láyà, mo pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kò gbọ́. Kò tíì tó ààbọ̀ wákàtí o! Kò sẹ́ni tó wá fídíò yẹn, YouTube fúnra ẹ̀ ló ń gbé òmíràn wá bí ọ̀kan bá ṣe ń parí, autoplay ni wọ́n ń pè é, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ojú má bàa kúrò níbẹ̀ ni. Ẹ wò ó, tí ẹ̀bà bá tán nínú abọ́, ó tán nìyẹn, tí ilẹ̀ bá ṣú, bọ́ọ̀lù parí, àlọ́ ìjàpá náà lópin. Èyí ò lópin, ọwọ́ yín nìkan ni òpin ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀yin ló ń bínú sí.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń rán wa lọ yá odó nígbà tá a wà ní kékeré. Wàá kúnlẹ̀ kí wọn, wàá sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, tẹ́ ẹ bá gúnyán tán, wàá fọ̀ ọ́, wàá gbé e padà, wàá dúpẹ́. Ta ló gúnyán tán tó wá gbé odó olódó sùn? Bí mo ṣe ń kọ́ wọn ní kíláàsì nìyẹn, bẹ́ ẹ ṣe máa kọ́ tiyín náà nìyẹn. Fóònù yín ni, wọ́n kàn yá a ni. Kó dọ̀bálẹ̀, kó ní "mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yá mi ní fóònù yín, mo fẹ́ wo báyìí báyìí." Tí kò bá lè dárúkọ ohun tó fẹ́ wò, kò tíì nídìí tó fi fẹ́ yá a. Ẹ má sọ fún un pé ogún mínítì, ọmọ ọdún mẹ́rin ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó mọ "méjì", nítorí náà fídíò méjì ni, kẹ́ ẹ ti dáńlóòdù wọn sílẹ̀ kó má lọ máa rìn kiri. Tí ìkejì bá parí, òun fúnra ẹ̀ ni kó pa á, kó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá fún yín, ẹ má já a gbà. Lọ́dọ̀ wa páálí kan wà tí tábúlẹ́ẹ̀tì máa ń "sùn" sí, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dojú ẹ̀ délẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ sùn.

Ó ṣì máa sunkún o, pàápàá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹkún yẹn, ọjà ló ń ná. Tẹ́ ẹ bá fún un padà nítorí pé kọ́sítọ́mà ń wò yín, ó ti mọ iye tẹ́ ẹ máa gbà nìyẹn, lọ́la ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ní ti wákàtí, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ọ́ lọ́dún 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ò gbọ́dọ̀ máa jókòó wo fídíò rárá, ọmọ ọdún 2 sí 4 ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 1 lójúmọ́, tó bá sì kéré sí i ó dáa jù. Ẹ pa autoplay yẹn, tàbí kẹ́ ẹ lo YouTube Kids tó ní tímà nínú, kẹ́ ẹ sì fi PIN ti áàpù báǹkì yín.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, èyí obìnrin lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí jù, torí pé ó ti ń mọ̀wé kà, ó lè tẹ nǹkan, ó lè fèsì. Ẹ kọ́ ọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ orúkọ iléèwé ẹ̀ tàbí àdúgbò yín fún lórí fóònù, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí. Tó bá rí ohun tó bà á lẹ́rù tàbí tó tì í lójú, kó dojú fóònù délẹ̀ kó gbé e wá bá yín, ẹ̀ẹ́ ti ṣèlérí pé ẹ ò ní jágbe mọ́ ọn. Ẹ má sì jágbe mọ́ ọn lóòótọ́, kódà tó bá jẹ́ òun ló tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá pariwo lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbé e wá lẹ́ẹ̀kejì, á máa dá nìkan wò ó. TikTok àti Facebook ní ọmọ ọdún 13 ló lè ṣí àkáǹtì, kì í ṣe ọmọ ọdún méje tá a bá a purọ́ ọjọ́ ìbí (a pọ̀ tá a ti ṣe é).

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kó ìdérí mínírà fún èyí ọkùnrin kó máa tò ó ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ máa bá yín kọ iye Milo tẹ́ ẹ tà sínú ìwé.

Dádì tó ní òun ò fẹ́ rí fóònù, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè, níbo ni tiwọn máa ń wà tí wọ́n bá ń jẹyán? Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ abọ́ ọbẹ̀ ni, àwọn ọmọ ń rí i. Kí fóònù gbogbo ilé, títí kan tiyín, máa sùn ní yàrá yín lálẹ́. Màmá náà máa gbọ́ tẹ́ ẹ bá fi ọ̀rọ̀ odó yẹn ṣàlàyé fún wọn, àwọn gan-an ló mọ̀ ọ́n jù wá lọ.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà o, ẹ ò ní lè fara da ẹkún yẹn. Ọ̀sán Sunday tẹ́ ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ ti sọ fún un láàárọ̀ pé fídíò méjì ni.