Ṣé ti Brian Boru, ọba Írẹ́lándì àtijọ́, ni háàpù (ohun èlò orin olókùn) tó wà lára owó ilẹ̀ Írẹ́lándì lóòótọ́?

Rárá o, kì í ṣe tirẹ̀. Ọdún 1014 ni Brian Boru kú lójú ogun Clontarf, lẹ́bàá Dublin. Háàpù tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè, èyí tó wà ní yunifásítì Trinity College ní Dublin, kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kéré sí ọba náà. Àmọ́ òun gan-an ni ìjọba wò ya àmì orílẹ̀-èdè lẹ́yìn òmìnira ọdún 1922, àmì náà ló sì wà lára gbogbo owó ẹyọ yúrò wọn.

Ohun tó wù mí kí ẹ mọ̀ jù ni bí wọ́n ṣe ń fi irú háàpù bẹ́ẹ̀ ṣe orin láyé àtijọ́. Okùn idẹ ni wọ́n ń ta sí i, èékánná gígùn ni àwọn ọ̀gá sì fi ń ta á, ohùn rẹ̀ á máa dún lọ bí agogo. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ló jẹ́ afọ́jú. Nígbà tí wọ́n kó àwọn tó kù jọ sí ìlú Belfast ní àríwá Írẹ́lándì lóṣù Keje ọdún 1792, Denis Hempson nìkan ló ṣì ń lo èékánná, bàbá náà sì ti lé ní 90 ọdún. Edward Bunting, ọmọ ọdún 19, ló jókòó tì wọ́n tó ń kọ orin wọn sílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọkùnrin yẹn! Ọ̀pọ̀ orin náà ì bá ti bá wọn wọlẹ̀.