Iná tó ń ta yín lẹ́yìn monitor: ẹ kọ́kọ́ wo earth

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ̀yìn monitor onírin yín máa ń ta yín ní Kubwa, l'Ábùjá, tí mítà sì ń ka 110 volt lára rẹ̀. Àìsí earth, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, ló ń fà á. Bí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni o.

Nínú monitor, kàpásítọ̀ Y méjì (ẹ̀yà kékeré tí wọ́n ṣe fún ààbò) ló so wáyà iná méjèèjì mọ́ ara irin. Bí earth ò bá sí, ara irin á gba bí ìdajì 230 volt tó ń wá láti ògiri. Èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá jẹ́ 2.2nF (nanofarad) kì í jẹ́ kí iná tó ń jò ju nǹkan bí 0.16mA (milliamp) lọ.

1. Ẹ yọ extension, kí ẹ ki monitor bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri tààrà. Ihò earth ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní wáyà.
2. Ẹ fi mítà wọn láti live (ihò tó gbé iná) sí earth lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri. Kó sún mọ́ 230. Bó bá ń ṣe ségesège, earth ti já.
3. Ẹ jẹ́ kí oníná wo ọ̀pá earth tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti de wáyà mọ́ ọn. Lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀ Àbújá máa ń gbẹ táútáú, earth kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ bomi sí ìdí ọ̀pá náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kàpásítọ̀ lásán rọ́pò Y. Bó bá ṣọ́ọ̀tì, gbogbo ara monitor lè di 230 volt, ìyẹn sì lè pààyàn.