Ọmọ mi ní oúnjẹ ọ̀fẹ́ iléèwé ń ti òun lójú

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí tá a jọ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ gbà mí o. Dárà ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ò jẹ oúnjẹ àárọ̀ tí iléèwé ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ní oúnjẹ òtòṣì ni. Tíṣà tún ní kí wọ́n kọ nǹkan lórí ìtàn oúnjẹ àti ẹ̀tọ́ gbogbo èèyàn sí oúnjẹ. Kí ni ìtàn àtijọ́ fẹ́ ṣe fún ẹni tébi ń pa lónìí?

Ìdáhùn: Màmá Dárà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọbìnrin tèmi náà ṣe é. Páálí mílíìkì mẹ́ta ni mo bá nísàlẹ̀ báàgì ẹ̀, ọ̀kan ti jò sórí ìwé. Ó ń gbà á, kò jẹ́ mu ún lójú ẹgbẹ́ ẹ̀.

Mo sọ fún un pé àwọn kan jà fún oúnjẹ yẹn. Lóṣù kìíní 1969, àwọn Black Panther, ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ àárọ̀ fáwọn ọmọ iléèwé nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Oakland, ní California. Ìjọba ti ń dán irú ẹ̀ wò láti 1966, ṣùgbọ́n ọdún 1975 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ètò tó fìdí múlẹ̀.

Ìtàn ìpínlẹ̀ Mississippi ló wọ̀ ọ́ lára jù. Nígbà òtútù 1962 sí 1963, tí iṣẹ́ oko òwú ti parí, àwọn aláṣẹ Leflore County dá oúnjẹ tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fáwọn tálákà dúró, torí pé àwọn aláwọ̀ dúdú ń forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Oúnjẹ wà o. Ẹnì kan ló tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ibi tébi bá ti ń pa àdúgbò kan lónìí, ẹ jẹ́ kí Dárà béèrè pé ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Fannie Lou Hamer, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Mississippi, náà lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní 1962, ni wọ́n bá lé e kúrò lóko tó ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó wá dá Freedom Farm, oko àjùmọ̀ní fáwọn tálákà, sílẹ̀ ní 1969, ìdílé á gba abo ẹlẹ́dẹ̀ sìn, tó bá bímọ, wọ́n á mú nínú ọmọ fún ìdílé mìíràn. Àwa tá a mọ ẹran gbígbà sìn, ṣé ìyẹn ń fẹ́ àlàyé? Ọmọ mi ya ẹlẹ́dẹ̀ sẹ́yìn ìwé ẹ̀.

Kò tíì máa mu mílíìkì yẹn o. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ó ní kò dùn ni.